Wọ́n gbé iyán fún wa, ṣé ká sanwó ẹ̀?

Ìbéèrè kan wọlé sọ́dọ̀ mi látọ̀dọ̀ arábìnrin kan, mo gé e kúrú díẹ̀, bó ṣe kọ ọ́ rèé:

"Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí àmọ́ Èkó ni wọ́n bí mi sí, Jámánì ni mo wà báyìí, ọmọ ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́. Lóṣù December, èmi àti ọkọ mi fẹ́ wa mọ́tò láti Ìbàdàn, ká gba Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà, ká dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ká máa dúró lójú ọ̀nà bó bá ṣe wù wá, ká wá gba Àkúrẹ́ padà sí Èkó. Nígbà tá a wá kẹ́yìn, ìyá kan tá ò mọ̀ rí gbé iyán fún wa, ọkọ mi yọ owó, ojú ìyá yẹn sì yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọkọ mi ní òun ò lè máa jẹ nǹkan ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣeé ṣe kó má ní tó òun. Kí la máa ṣe lọ́tẹ̀ yìí?"

Àbúrò mi, ẹ kú àjò o, ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn wọ̀ mí lára gan-an, èèyàn rere lẹ fẹ́, torí ẹni tí ò láàánú kì í ro irú ẹ̀. Ó ti lé lọ́dún 20 tí mo ti ń mú àlejò rìn láàárín Ifẹ̀ sí Iléṣà títí dé ìlà Èkìtì, mo ti rí oríṣiríṣi, ọ̀rọ̀ owó yìí ló sì máa ń dá nǹkan rú jù láàárín àlejò àti onílé. Màá kọ ọ́ gùn o, ẹ wá ibì kan jókòó sí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe kókó jù. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún àlejò nílẹ̀ wa, wọn ò ń gbowó ẹ̀, ọpẹ́ ni wọ́n ń gbà, ọpẹ́ yẹn ò sì ń tán lọ́jọ́ tẹ́ ẹ jẹun. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe tọ́ yín nílé, tí ẹ̀gbọ́n bá fún yín ní nǹkan lónìí, ẹ máa kúnlẹ̀, ẹ máa dúpẹ́, tílẹ̀ bá tún mọ́, màmá yín á bi yín pé ṣé ẹ ti lọ dúpẹ́ àná. Ọpẹ́ àná yẹn lowó iyán. Òun ló ń jẹ́ kí ẹni tó ṣoore mọ̀ pé ẹ sùn, ẹ jí, ẹ sì tún rántí òun. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ yín yọ owó lójú ẹsẹ̀, ó dà bí ìgbà tó sọ pé gbèsè ti tán, kò sí nǹkan tó tún pa wá pọ̀ mọ́, ó dìgbà kan ná. Òun ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, nílùú tiwọn kéèyàn tètè san nǹkan tó jẹ lọmọlúàbí, àmọ́ ohun tí ìyá yẹn gbọ́ nìyẹn.

Èmi náà ti fojú ara mi rí i. Ó pẹ́ díẹ̀, mo ń gbé tọkọtaya kan bọ̀ láti Ifẹ̀ sí Iléṣà, ọ̀nà tí ò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ, fánbẹ́ẹ̀tì bá já ká tó dé Òsú, oòrùn sì ti ń wọ̀. Ìyá kan tó ń kó kòkó tó sá sílẹ̀ rí wa látòkèèrè, ó ní ká má jókòó sínú mọ́tò bí ẹni tí ò lẹ́nìkan, ó gbé àga síta, ó bu omi wá, ó rán ọmọ ẹ̀ ọkùnrin pé kó gun ọ̀kadà lọ wá mẹkáníìkì. Àfi bá a ṣe ń gbọ́ odó lẹ́yìnkùlé. Iyán funfun, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja gbígbẹ, ìgbín méjì, ìyẹn fún àwọn tí ò mọ̀ wákàtí kan sẹ́yìn. A jẹ, a yó. Ni àlejò mi bá yọ owó, ó kà á lójú ìyá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ìyá ò sọ nǹkan kan, ó palẹ̀ abọ́ mọ́, ó wọlé lọ. Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, ọmọ ẹ̀ kó gbogbo owó yẹn wá bá wa nínú mọ́tò, ó ní ìyá òun ní òun ò ta iyán.

Ọ̀dọ̀ mi lẹ̀bi yẹn wà, torí mo mọ̀, mi ò sì sọ fún wọn. Mi ò rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ, èmi nìkan, mo mú búrẹ́dì méjì àti ṣúgà dání, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní "Mọ̀mí, ẹ ṣé àná o." Ó rẹ́rìn-ín, ó gba búrẹ́dì, ó bi mí pé àwọn àlejò mi ńkọ́, ṣé wọ́n sùn re. Owó tó dá padà lálẹ́ àná lè ra búrẹ́dì tó kún inú àpò, búrẹ́dì méjì ló gbà. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fáwọn àlejò mi kí wọ́n tó wọ mọ́tò.

Àmọ́ ẹ má sọ fún ọkọ yín pé ìbẹ̀rù ẹ̀ ò nídìí o. Ó nídìí. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn ẹ̀ la ti ń san án. Lóòótọ́ ni pé ẹlòmíì á pa adìyẹ kan ṣoṣo tó kù nílé nítorí yín, á ní kí wọ́n lọ bá òun gba ẹran láwìn, ẹ ò ní mọ̀ láéláé, torí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ara tù ú, ohun tẹ́ ẹ máa fún un gbọ́dọ̀ ṣáájú iyán. Ẹ mú nǹkan dání wọlé. Ohun tẹ́ ẹ bá gbé wá kí wọ́n tó dáná, ẹ̀bùn ni, àjọjẹ ni, gbogbo ilé á jọ jẹ ẹ́. Tó bá di ẹ̀yìn oúnjẹ, tẹ́ ẹ wá ń ṣí báàgì níbi tí abọ́ wà, á ti dà bí ìṣirò.

Kí lẹ máa mú dání? Kò le rárá. Tẹ́ ẹ bá ti ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹ máa gba Ìkirè kọjá, ẹ ra dòdò Ìkirè níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà àti ata din, tó dúdú, ẹ ra á púpọ̀, torí àwọn ọmọdé ilé tẹ́ ẹ bá wọ̀ á ti rí i lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó jókòó. Búrẹ́dì ńlá, ṣúgà, mílíìkì, iyọ̀ pàápàá, gbogbo ẹ̀ ló dáa. Obì ńkọ́, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ tán nínú mọ́tò yín, ṣebí onílé obì ni wọ́n ń ki àwa Ìjẹ̀ṣà, bàbá tẹ́ ẹ bá gbé obì fún á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún yín kẹ́ ẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá. Látọ̀dọ̀ tiyín lọ́hùn-ún, ẹ mú ṣokoléètì dání, àmọ́ ẹ fi sínú kúlà torí ó máa ń yọ́. Àwọn ará Òsú àti gbogbo abúlé Àtàkúnmọ́sà yẹn, kòkó ni wọ́n ń gbìn, kòkó yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ṣokoléètì, ẹ̀yin ẹ bi wọ́n wò bóyá wọ́n máa ń jẹ ẹ́. Mo ti rí bàbá àgbẹ̀ kan tó fi ṣokoléètì sẹ́nu tó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, tó wá ní "ohun tá a ti ń tà látọjọ́ yìí nìyí?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ẹ wá gbọ́ apá kejì. Ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ iye, ẹ san iye yẹn, ẹ má fi ọ̀rọ̀ gbígba àlejò yẹ̀ ẹ́. Mẹkáníìkì àti fọkanáísà, owó wọn ni. Ìyá tó ń ta iyán ní búkà, owó ẹ̀ ni. Ẹnu géètì tẹ́ ẹ ti máa wọlé síbi omi Olúmìrìn tó ń dà wálẹ̀ lórí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ san án, ọ̀dọ́ tó bá mú yín gun àpáta yẹn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ owó kẹ́ ẹ tó gbéra, torí ìpele méje ni omi yẹn, ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá ìpele kìíní àti ìkejì. Ní Ifẹ̀ náà, mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Ẹnuwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni àti ibi Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ẹni tó bá mú yín káàkiri tó ń sọ ìtàn fún yín, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Ní ti Ìjẹ̀ṣà, ọ̀rọ̀ owó yìí ò lè rú yín lójú rárá. Ẹ ti gbọ́ nípa àwọn bàbá wa tó ń ṣe òṣómàáló, wọ́n á gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n á tà á láwìn, tọ́jọ́ bá pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ wọn mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè owó. Tí Ìjẹ̀ṣà bá ń tà fún yín, á sọ fún yín pé òun ń tà. Tí ò bá ti dárúkọ owó, kì í ṣe pé ojú ń tì í, kò tà á ni.

Ohun kan tún wà nínú òṣómàáló yẹn táwọn èèyàn kì í rò. Àwọn bàbá yẹn, nígbà tí wọ́n wà lójú ọ̀nà, ilé onílé ni wọ́n ń sùn. Ibi tílẹ̀ bá ṣú wọn sí, wọ́n á wá ẹni tí wọ́n máa wọ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀. Nítorí náà, lójú tèmi, ìyá tó gbé iyán fún yín yẹn, ó ṣeé ṣe kí bàbá bàbá ẹ̀ ti jẹ iyán ẹlòmíì níbì kan tẹ́nìkan ò mọ orúkọ ẹ̀ mọ́. Ẹ sọ ìyẹn fún ọkọ yín, màá fẹ́ kó gbọ́ ọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọlé ló kù. Ẹ má kàn gbé mọ́tò wọ àárín agboolé lọ, ẹ dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò tó yọ orí níta béèrè ọ̀nà, ọ̀nà ni wọ́n máa fi hàn án, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ tó kí wọn ni wọ́n máa gbé àga fún. Ẹ kí wọn bẹ́ ẹ bá ṣe bá wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, wọ́n jókòó, ẹ kú ìjókòó, tẹ́ ẹ bá bá wọn nídìí oúnjẹ, wọ́n á ní ẹ wá jẹun, ẹ dáhùn pé á gba ibi ire. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Ẹ̀yin gan-an, ẹ máa tètè sọ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, kẹ́ ẹ dárúkọ agboolé bàbá yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹyọ Ìjẹ̀ṣà tó bá kù lẹ́nu yín, "ulé" tí màmá àgbà ń pè, "uṣu" tí wọ́n ń sè, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má tijú. Mo ti rí i tí "kú ulé o" kan ṣoṣo ṣílẹ̀kùn tí Gẹ̀ẹ́sì gígùn ò lè ṣí. Ọkọ yín ò ní láti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó tẹ̀ ba díẹ̀, kó fi ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan, kó fi fúnni. Tó bá wá gbìyànjú ìdọ̀bálẹ̀, wọ́n á yára gbé e dìde, inú wọn á sì dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ní Ifẹ̀ ó tún rọrùn, àwọn àgbà ibẹ̀ gbà pé ilé gbogbo wa ni, ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, bẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ wá wo ilé, wọ́n á dá yín lóhùn bí ọmọ tó ti àjò dé.

Oúnjẹ wá dé. Omi ni wọ́n máa ń gbé wá ṣáájú, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Tí ikùn ọkọ yín ò bá lè gba omi kànga, kò sí wàhálà, ẹ fọwọ́ kan ife yẹn, ẹ wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé dókítà ní píọ́ wọ́tà ni kó máa mu, wọ́n á lọ rà á fún un, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ rà á, ẹ ti ní tiyín nínú mọ́tò. Ẹ má kàn sọ pé "a ò jẹ". Tẹ́ ẹ bá yó, ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni àmọ́ ẹ máa tọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ sì tọ́ ọ wò lóòótọ́, òkèlè mẹ́ta mẹ́rin tó. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, bí wọ́n ṣe ń wí, ẹni tó bá gúnyán fún yín lọ́sàn-án gangan ti fi agbára ara ẹ̀ ṣe yín lálejò, ẹ wo apá ẹ̀ tó ń làágùn. Kí ọkọ yín má mú ẹran ṣáájú, ẹran ló ń kẹ́yìn. Ní ti ata, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó dáná, kì í ṣe nígbà tójú ẹ̀ bá ti pọ́n.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa lọ, owó ò léèwọ̀ o, kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Bẹ́ ẹ ṣe fún un lọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ti ka owó yẹn sínú mọ́tò, ẹ ti ká a, ẹ má kà á lójú ẹnikẹ́ni. Ẹ pe àgbà ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún un, ẹ ní "ẹ fi ra obì". Ẹ fún àwọn ọmọdé ní tiwọn pé kí wọ́n fi ra bisikíìtì, lójú ìyá wọn ni kẹ́ ẹ ti fún wọn. Ẹ má dárúkọ oúnjẹ rárá nídìí owó yẹn. Tí àgbà bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, tó bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi sápò, ẹ gba àdúrà ẹ̀, ẹ ṣe àmín sókè.

Ọ̀rọ̀ oorun, mi ò ní fà á gùn. Ẹ má rìn lóru. Ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, òtẹ́ẹ̀lì wà ní Ifẹ̀, ó wà ní Iléṣà, àmọ́ ẹ ti pè wọ́n sílẹ̀ torí oṣù December ni ọdún Ìwúde Ìjẹ̀ṣà máa ń bọ́ sí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà láti ibi gbogbo ló máa ń wálé. Tẹ́nìkan bá ní kẹ́ ẹ wá sùn nílé òun ní abúlé, ẹ ní kó mú yín lọ kí baálẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ wà nílùú, ẹ sì pe ẹnìkan nílé kẹ́ ẹ sọ orúkọ abúlé yẹn fún un. Kò sí onílé rere tó máa bínú sí ìyẹn.

Fọ́tò ńkọ́? Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó yà wọ́n, ojúbọ àti ibi tí wọ́n ti ń ṣètùtù, ẹ má tiẹ̀ yọ fóònù àfi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yọ ọ́. Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ bá yà pẹ̀lú ìyá tó gbà yín lálejò, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà ní Iléṣà, wọ́n ń ṣe é níbẹ̀ kíákíá. Ọ̀pọ̀ ìyá ò ní fóònù tó ń gbé fọ́tò, àwọn ọmọ wọn tó ní in ò sí nílé. Mo ti rí fọ́tò irú ẹ̀ lára ògiri tó ti ṣá, tí wọ́n ṣì ń fi han àlejò tuntun pé àwọn ọmọ àwọn rèé, tó wà lókè òkun.

Ohun tó wá kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ yí padà nínú ètò yín nìyí. Ẹ kọ ọ́ sí mi pé láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ẹ máa gba Àkúrẹ́ padà sí Èkó. Ẹ má gba ibẹ̀. Ẹ padà gba ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wá, kẹ́ ẹ tún kọjá níwájú gbogbo ilé tẹ́ ẹ ti jẹun, tí ò bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ náà, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ gbé fọ́tò yẹn fún wọn. Ẹ kọ orúkọ abúlé kọ̀ọ̀kan àti orúkọ ìyá tó gbà yín sínú ìwé kékeré kan, torí tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, gbogbo ilé tí wọ́n sá kòkó síwájú ẹ̀ lẹ máa rí bí ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín sọ ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀, ẹ fi dò-re-mí kọ́ ọ kó má bàa ṣì í pè: ẹ ṣé àná, re mí dò mí.